Ẹ̀wù Tí Ń Yẹ Ọta àti Ẹ̀wù Tí Ń Gbà Á

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ eré ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí eré náà ti di nǹkan mìíràn mọ́ wa lọ́wọ́. Bí àmì ohùn bá ṣì níbì kan, ẹ bá wa mójú kúrò. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé, ẹnu ìyá wa la ti gbọ́ Yorùbá.

Àwa mẹ́rin la máa ń pàdé ní alẹ́ Sátidé: olùkọ́ méjì, nọ́ọ̀sì kan, àti ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ. Eré tí à ń ṣe ni àwọn Faransé ń pè ní jeu de rôle. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba iná. Tábìlì kan, ìwé, bíírò àti ọmọ lúdò ti tó. Ẹnì kan nínú wa ni olùdarí. Òun ló ń sọ ohun tó wà níwájú wa, ìbáà jẹ́ ọjà, igbó tàbí ilé tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn yòókù, kálukú ní ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ tó ń gbẹnu sọ fún, tó sì ń pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí ohun tí a fẹ́ ṣe bá le, a ó ju ọmọ lúdò, ohun tó bá já sí la ó gbà. Ẹni tó bá ti gbe àlọ́ àpagbè lábẹ́ òṣùpá rí ti mọ ìdajì eré náà. Ìṣirò ni ìdajì kejì.

Ìwé Faransé àlòkù tí wọ́n ń tà lórí ilẹ̀ ní Kútọnu la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà fàkáǹsì, ẹnì karùn-ún máa ń dara pọ̀ mọ́ wa, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ bá wa jókòó. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, òun ló sì máa parí sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀dá-ìtàn ọmọ náà sáré la gbangba ọjà kọjá. Ọkùnrin mẹ́ta ń fi Kalashnikov yìn ín. Ọta mẹ́rin bà á. Ó wọ ẹ̀wù ayẹta, àmì ẹ̀mí rẹ̀ sì jẹ́ 38. A ju ọmọ lúdò, a yọ èyí tó yẹ ká yọ, ó ku 11. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ṣì wà lórí ìdúró." Ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ fo gun alùpùpù, ó lọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un, àfi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ọdẹ kan wá bá a, tí ìbọn ẹnìkejì rẹ̀ ṣèèṣì bà ní itan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọta kan ṣoṣo ló ba ọkùnrin yẹn. Mi ò tíì fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò lára bàtà mi tán." Kò pariwo, kò bínú. Ó kàn dìde, ó lọ sílé. Eré ọjọ́ náà parí síbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kò ṣe eré. A jókòó láti wo ibi tí ìṣirò yẹn ti wá.

Eré tó bí gbogbo irú eré yìí ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Inú eré ogun orí tábìlì, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn sójà kéékèèké, ni wọ́n ti mú un jáde. Arneson fúnra rẹ̀ sọ pé inú òfin eré ogun ọkọ̀ ojú omi onírin, irú èyí tí wọ́n fi ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ni òun ti mú àmì ẹ̀mí àti ìpele ìhámọ́ra wá. Ó yé wa nígbà tí a gbọ́ ìyẹn. Ọkọ̀ onírin lè gba ọta àgbá mẹ́wàá kó ṣì léfòó. Iye tó bá kù fún un la ń kà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe ọkọ̀. Nínú eré náà pẹ̀lú, bí ẹ̀dá-ìtàn bá ṣe ń ní ìrírí sí i ni àmì ẹ̀mí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìrírí a máa kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún. Kì í mú awọ ara nípọn. Ká má ṣe parọ́ mọ́ Gygax, ó kọ ọ́ ní 1979 pé kì í ṣe ẹran ara nìkan ni àmì wọ̀nyẹn ń kà, pé oríire àti òye ìjà wà nínú rẹ̀. Fún idà àti ọ̀kọ̀, a lè gbà bẹ́ẹ̀. Bí olùdarí bá ti lè sọ pé "ọta mẹ́rin bà ọ́," oríire ti kúrò níbẹ̀.

Èyí tó tún yà wá lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ṣe ìhámọ́ra. Nínú eré yẹn, bí ìhámọ́ra rẹ bá ṣe dára tó ni yóò ṣe ṣòro tó kí wọ́n tó lè bà ọ́. Kò dín ohun tí ìgbá kan lè ṣe fún ọ kù. Yálà ó bà ọ́ pátápátá, tàbí kò bà ọ́ rárá. Ìgbà tí a ń ṣàlàyé èyí ni ẹ̀gbọ́n wa aránṣọ gbójú sókè, ó ní, "Ayẹta nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, a dákẹ́. Òótọ́ ló sọ. Orúkọ ti sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí ń yẹ ọta. Ẹni tó gbé e wọ̀, ọta yóò yà lára rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn kò mọ̀, ṣùgbọ́n ayẹta àwọn ọdẹ wa gan-an ni wọ́n kọ sínú ìwé. Èdè wa náà sì ti mú ọ̀rọ̀ kan náà fún gilet pare-balles tí àwọn sójà ń wọ̀. Ẹ̀wù ayẹta là ń pè é. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀wù yẹn kì í yẹ ọta. Ó ń gbà á ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bó ṣe ń gbà á. Ní 1965, obìnrin onímọ̀ kẹ́mísírì kan, Stephanie Kwolek, rí ohun kan ní ilé-iṣẹ́ DuPont tó wá di fọ́nrán Kevlar. Wọ́n hun ún bí aṣọ, wọ́n tò ó lérí ara wọn ní ìpele púpọ̀. Bí ọta ìbọn ìléwọ́ bá bà á, fọ́nrán náà á fà, á pín agbára ọta káàkiri, ọta á sì pẹlẹbẹ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára yẹn kò rà. Ara tó wà lẹ́yìn aṣọ ń gbà nínú rẹ̀. Àjọ NIJ ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń dán irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ wò, máa ń gbé amọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó yìn ín. Bí amọ̀ náà bá jìn kọjá mílímítà 44, ẹ̀wù yẹn lè kùnà, bí ọta kò tilẹ̀ wọlé. Mílímítà 44 ju ìbú ìka méjì tí a tò pọ̀ lọ. Ẹ fi ìka méjì lé àyà yín kí ẹ wò ó. Ẹ̀wù tó yege gan-an lè jẹ́ kí egungun ìhà èèyàn kán.

Àwọn tó ṣe eré mìíràn lẹ́yìn D&D ti rí ìṣòro yìí kí àwa tó rí i. Nínú Traveller, ti 1977, kò sí àmì ẹ̀mí lọ́tọ̀. Ọgbẹ́ ń jẹ agbára, ìyára ọwọ́ àti ìfaradà rẹ lọ, o sì lè máa wo ara rẹ bí o ṣe ń rẹ̀. Nínú Call of Cthulhu, ti 1981, àmì ẹ̀mí kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó ń fẹ́ kí ìbọn dojú kọ òun. GURPS, ti 1986, yọ agbára ìhámọ́ra kúrò nínú agbára ọta, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló ń ba ara. Phoenix Command, ti 1986 bákan náà, fẹ́ ka ohun gbogbo: egungun wo, ìṣan wo, ọta wọlé láti ibo. Àwa náà kọ́kọ́ fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀. A kọ tábìlì ìṣirò mọ́kànlá. Ìbọn ẹyọ kan gbà wá ní wákàtí kan, oorun sì gbé ẹ̀gbọ́n wa lọ. A fi í sílẹ̀.

A wá padà sórí ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì PCT. Ọta ìbọn ìléwọ́ mílímítà 9 wúwo tó gíráàmù 8, ó sì ń jáde ní nǹkan bíi mítà 360 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọta Kalashnikov náà tó gíráàmù 8, ṣùgbọ́n tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 715. Ìwúwo kan náà, ìyára ìlọ́po méjì. Ẹ mọ òfin rẹ̀: ìdajì ìwúwo lọ́nà ìyára lọ́nà ìyára. Àkọ́kọ́ fẹ́ẹ́ ju joule 500 lọ, èkejì ju 2000 lọ. Ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí aṣọ Kevlar tó mú ọta ìbọn ìléwọ́ kò fi lè mú ti Kalashnikov. Pákó líle, bíi ti irin tàbí ti amọ̀ sísun, ni a gbọ́dọ̀ ki bọ inú ẹ̀wù kó tó lè mú un. Àwọn ohun wọ̀nyí kì í sì í yọra wọn díẹ̀díẹ̀ bíi owó nínú àpò. Yálà ẹ̀wù mú ọta, tàbí ọta la inú ẹ̀wù kọjá bí ẹni pé ẹ̀wù kò sí níbẹ̀.

A tún ṣírò ohun kan tó pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́rìn-ín. Nínú fíìmù, ọta á gbé èèyàn fò sẹ́yìn. Ẹ mú ọta Kalashnikov kan, ẹ jẹ́ kí ara èèyàn kan tó wúwo tó kìlógíráàmù 70 gbà á pátápátá. Ìyára tí onítọ̀hún yóò fi sún sẹ́yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ọta bà kì í fò. Ó lè wó lulẹ̀, ó sì lè máa sáré lọ láìmọ̀ pé nǹkan ti ba òun.

Òfin wa wá di ìbéèrè mẹ́ta fún ọta kọ̀ọ̀kan. Níbo ló bà? Kí ló bo ibẹ̀? Ṣé ohun tó bo ibẹ̀ lágbára tó ọta yẹn?

Ọmọ lúdò méjì ló ń sọ ibi tó bà. Ọ̀nà 36 ni ọmọ lúdò méjì lè gbà balẹ̀. Nínú wọn, ọ̀nà 16 ló ń bí 6, 7 tàbí 8. Ìyẹn la fún àyà àti ẹ̀yìn. 5 àti 9 ní ọ̀nà 8, ti ikùn àti ìbàdí. 4 àti 10 ní ọ̀nà 6, ti ẹsẹ̀. 3 àti 11 ní ọ̀nà 4, ti apá. 2 àti 12 ní ọ̀nà 2, ti orí àti ọrùn. Pákó inú ẹ̀wù, àyà àti ẹ̀yìn nìkan ló ń bò. Ẹ yọ 16 nínú 36, ó ku 20. Bí ẹ̀wù rẹ bá dára jù lọ láyé, ó ju ìdajì lọ tó wà níta. Bí ẹ̀wù bá mú ọta, èémí á já lára rẹ, o ò ní lè ṣe nǹkan kan títí àyípo kan yóò fi kọjá. Bí kò bá mú un, ọgbẹ́ ni.

A kò fi ọwọ́ ara wa nìkan dá ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí sílẹ̀. Ní Ọsirélíà ní 1880, olè kan tó ń jẹ́ Ned Kelly wọ ẹ̀wù irin tí wọ́n rọ láti ara irin ohun ìtúlẹ̀. Ẹ̀wù náà wúwo tó kìlógíráàmù 44, ó bo orí, àyà àti ẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́pàá yìn ín títí ní Glenrowan, ọta ń ta dànù. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ni wọ́n dojú ìbọn kọ. Ibẹ̀ ló ṣubú sí, wọ́n mú un, wọ́n sì yẹgi fún un ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní Los Angeles, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 1997, olè báńkì méjì fi ẹ̀wù ayẹta bo ara. Ìbọn ìléwọ́ àwọn ọlọ́pàá kò ràn wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àwọn olè méjèèjì nìkan ló kú. Ọ̀kan yìnbọn lu ara rẹ̀. Èkejì, abẹ́ ọkọ̀ ni ọlọ́pàá ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ yìn, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ títí ó fi kú níbẹ̀. Àádọ́fà ọdún ó lé díẹ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ náà ni.

Nígbà tí a ka ti Los Angeles yẹn, nọ́ọ̀sì ló sọ ohun tí ó ti ń fẹ́ sọ láti ọjọ́ tó ti pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ̀yin ń ka ọta. Ẹ ò ka ẹ̀jẹ̀. Ọta ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí ẹni náà tó kanlẹ̀. Ohun tó kù, ọ̀rọ̀ àsìkò ni." Ó ní bí ìṣan ńlá itan bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí. Bó bá rí nǹkan di òkè ọgbẹ́ náà le, onítọ̀hún lè yè. Bó bá ń wá ẹni tó yìnbọn kiri, kò ní bá a láàyè.

A mú ọpọ́n ayò wá. Láti ọjọ́ náà, bí ọgbẹ́ ńlá bá ba ẹ̀dá-ìtàn, olùdarí á ka ọmọ ayò méjìlá síwájú ẹni tó ni ín. Ní àyípo kọ̀ọ̀kan, yóò mú ọ̀kan kúrò. Kò sí ọmọ lúdò níbẹ̀, kò sí oríire. Àfi bí ẹnì kan bá fi àyípo tirẹ̀ sílẹ̀, tó ju ìbọn sílẹ̀, tó wá di ọgbẹ́ náà. Bí ọmọ ayò bá tán, ó tán. Bí wọ́n bá dì í, a ó ka bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó, ìkà mìíràn á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò lè mọ bí ohùn ọmọ ayò tó ń bọ́ sínú ihò ọpọ́n ṣe ń rí lára èèyàn ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Eré wa yí padà. Kò sí ẹni tó ń sáré la ọjà kọjá mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀tá sọ̀rọ̀, à ń dúnàádúrà, à ń sá. Oṣù méjì kọjá tí a kò yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ìtàn náà sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa aránṣọ ló mú ọ̀rọ̀ èèwọ̀ wá. Ó ní, "Kò sí ayẹta tí kò ní èèwọ̀. Òmíràn kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Òmíràn kò gbọdọ̀ kan omi. Èyí tí ẹ kọ sínú ìwé yìí, kí ni èèwọ̀ tirẹ̀?" A rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a wò ó dáadáa, èèwọ̀ ló kún inú ẹ̀wù náà. Omi: bí Kevlar tí wọn kò bò dáadáa bá rin gbingbin, kò ní lè mú ọta bíi ti tẹ́lẹ̀. Oòrùn: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jẹ fọ́nrán náà. Ilẹ̀: pákó amọ̀ sísun tó bá já bọ́ lè sán láìhàn sójú. Ọjọ́ orí: ọdún márùn-ún ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀wù náà sábà máa ń fọwọ́ sọ̀yà mọ. Abíyá: ọta tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kò bá ẹnikẹ́ni pàdé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀wù nínú eré wa yóò kọ èèwọ̀ méjì rẹ̀ sílẹ̀, olùdarí yóò sì máa ṣọ́ ọ.

Ibi tí a ti fẹ́ jà ni orí ayẹta ìbílẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n ní ilẹ̀ wa ni ìtàn wa ti ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí bí ọdẹ ṣe máa wọgbó nínú rẹ̀ láìní nǹkan lára. Ó fẹ́ kí a fún un ní iye tirẹ̀, bí a ṣe fún Kevlar. Àwa olùkọ́ méjì kọ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìròyìn ẹni tó ní kí wọ́n yìnbọn dán ayẹta òun wò, tí wọ́n sì sin ín. Bí àwa tó ń kọ́ ọmọ ní PCT bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayẹta dá ọta dúró lọ́nà báyìí nínú 36, ẹ̀rí la jẹ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan sì wà lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n ní ṣé irọ́ ni bàbá òun ń pa nígbà náà. Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìyẹn. Ó lọ sílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kó tó padà wá.

Nọ́ọ̀sì ló bá wa rí ọ̀nà. Nínú òfin wa, ẹni tí wọ́n ń yìnbọn sí gbọ́dọ̀ ju ọmọ lúdò kó tó lè gbórí sókè, torí ẹ̀rù ìbọn ń de èèyàn mọ́lẹ̀ ju ọta lọ. A wá ṣe é pé ẹni tó bá ní ayẹta kì í jù ú. Yóò dìde nígbà tí gbogbo ayé dọ̀bálẹ̀. Ó lè fi ìyẹn gba àwọn èèyàn rẹ̀ là. Ó sì lè fi ìyẹn kú, torí òun nìkan ló wà lórí ìdúró. Ẹ̀gbọ́n rò ó títí. Ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́." A gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ tó gba ọta mẹ́rin tó fo gun alùpùpù di sójà. Láti ìparí 2021 ni àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń kọlu àríwá orílẹ̀-èdè wa, lápá igbó Pendjari àti igbó W, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì ti ṣubú síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n rán an lọ. Ọjọ́ tí a gbọ́, kò sí ẹni tó sọ ọ́ jáde lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló wà lọ́kàn gbogbo wa. Àwa la kọ́ ọ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pé ọta mẹ́rin bà ọ́, ó ku 11, o ṣì wà lórí ìdúró. Àwa la pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó wá sílé fún ìsinmi, ó sì wá kí wa ní Sátidé. A fi òfin tuntun hàn án. Ó kà á láìsọ̀rọ̀. Ó ní kí a ṣe eré. Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí ọta fi ba ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀: 4, ẹsẹ̀. Olùdarí ka ọmọ ayò méjìlá síwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó béèrè pé, "Ta ló wà nítòsí mi?" Kò béèrè ẹni tó yìn ín. Ẹ̀dá-ìtàn nọ́ọ̀sì ló fàyà wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ayò méje ti lọ nígbà tó fi okùn di itan rẹ̀. Ó yè. Kò lè rìn mọ́ nínú ìtàn náà.

Lẹ́yìn eré, a bi í léèrè ohun tí a ṣì. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èèwọ̀ kan sílẹ̀." A ní èwo. Ó ní, "Ooru. Ẹ̀wù yẹn àti pákó rẹ̀ wúwo, oòrùn ibẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Èèwọ̀ tó tóbi jù ni pé èèyàn a máa bọ́ ọ sílẹ̀ bó bá fẹ́ sinmi." A kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ìgbà tó tẹ̀ síwájú láti wo ohun tí a kọ la rí okùn dúdú kan lọ́rùn rẹ̀, tó wọ abẹ́ ẹ̀wù lọ. Ẹ̀gbọ́n náà rí i. Ó bi í pé ta ló fún un. Ó ní ìyá òun ni. Ẹ̀gbọ́n kò béèrè èèwọ̀ rẹ̀, torí wọn kì í béèrè é.

Àwa olùkọ́ méjì wo ara wa. Gbogbo ohun tí a ti sọ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà ní ẹnu wa, a kò sì rí èyí tí a lè sọ fún ìyá yẹn nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti mọ ohun tí à ń rò. Ó ní, "Kì í kúrò lára mi, ẹ̀wù náà kì í kúrò lára mi níta. Ọ̀kan ń yẹ ọta. Èyí tó bá kọ̀ tí kò yẹ̀, èkejì á gbà á."

Nọ́ọ̀sì ní, "Èyí tó bá wọlé ńkọ́?"

Ọmọ náà ní wọ́n ti kọ́ àwọn. Nọ́ọ̀sì ní kó fi han òun. Ẹ̀gbọ́n mú ọ̀já aṣọ kan wá láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ náà di itan ara rẹ̀ lórí àga, ó fi ọ̀pá bíírò yí i le. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ìṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kò tíì le tó, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ó ní kó tún fi ọwọ́ òsì nìkan ṣe é, torí a kò mọ apá tí yóò bá a. Àwa ń ka ọmọ ayò sínú ọpọ́n fún un. Ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ ayò mẹ́sàn-án. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú gan-an, ó ti di mẹ́rin.

Ó ti padà sókè lọ́hùn-ún. Nígbà mìíràn ní Sátidé, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa pé kí ni ẹ̀dá-ìtàn òun ń ṣe báyìí. A máa ń sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń san, pé ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Àga rẹ̀ wà níbẹ̀. A kò tíì jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣe irú eré yìí níbikíbi tí ẹ wà, òfin wa kò ju ewé ìwé méjì lọ. Ẹ béèrè, a ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè lọ́hùn-ún, a bá yín ṣe àmín gbogbo àdúrà yín.